Títọpa Ìpè Fọ́ńṣọ̀n

Fọ́ńṣọ̀n ni iṣẹ́ kékeré kan nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fún lórúkọ. Ẹni tó kọ ètò náà á ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù tó máa ń pè nígbàkigbà tó bá nílò rẹ̀. Nígbà tí ìpè bá wáyé, kọ̀ǹpútà á fi ibi tó wà sílẹ̀, á lọ síbi tí àlàyé iṣẹ́ náà wà, á ṣe é tán, á sì mú èsì padà síbi tó ti kúrò gan-an. Títọpa ìpè ni kí ènìyàn fi bébà àti bírò tẹ̀ lé ìrìn yìí láti ìlà dé ìlà, kó máa kọ ohun tó wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n ń ka ètò bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ó lè dé ìlà kẹjọ kó padà sí ìlà kẹta, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí ìlà kejì, kó tó tún wá sí ìlà kẹjọ láti parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìrìn yìí á rí èsì láìmọ bó ṣe jáde. Lọ́jọ́ tí èsì bá sì wá ṣì, kò ní mọ ibi tí yóò ti wá àṣìṣe náà.

Fáìlì tó ń rìn ní Agodi

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló sún mọ́ ìpè fọ́ńṣọ̀n jù lọ. Agodi ni Sẹkitéríàtì ìjọba wà ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, ibẹ̀ náà sì ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lónìí. Nínú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, fáìlì ló ń gbé iṣẹ́ kiri. Ká ní wọ́n fẹ́ mọ iye owó tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ kan tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tó ni ìpinnu kò ní jókòó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Á kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sínú fáìlì, á fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé owó. Akọ̀wé owó náà kò lè ṣírò láìmọ iye ọdún tí ẹni náà fi ṣiṣẹ́, nítorí náà á fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni. Á wo ìwé, á kọ iye ọdún sílẹ̀, á dá fáìlì padà.

Ọ̀dọ̀ ta ni fáìlì náà ń padà sí? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé owó tó fi í ránṣẹ́ ló ń lọ. Akọ̀wé owó á parí ìṣirò tó dá dúró, ìgbà náà ni òun náà yóò tó dá fáìlì padà fún ọ̀gá.

Ohun mẹ́ta ló hàn nínú ìrìn fáìlì yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nínú ìpè fọ́ńṣọ̀n. Èkíní, ẹni tó ránni níṣẹ́ ń dúró. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá lórí fáìlì náà kò lè lọ síwájú títí èsì yóò fi dé. Èkejì, ẹni tó ránṣẹ́ kẹ́yìn ni èsì ń kọ́kọ́ bá, ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ ni èsì rẹ̀ sì ń dé gbẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta, tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní bébà tirẹ̀ tó fi ń ṣírò. Bí akọ̀wé owó bá kọ nọ́ńbà kan sórí bébà tirẹ̀, kò kan bébà ọ̀gá, bí àkọlé bébà méjèèjì tilẹ̀ jọra.

Òǹkà Yorùbá, ìpè nínú ìpè

Ẹni tó ń sọ Yorùbá ti ń bá ìpè nínú ìpè ṣeré láti kékeré, nítorí ó wà nínú òǹkà. 45 ni aárùndínláàádọ́ta. Ìṣirò ni orúkọ yìí: ó ní kí wọ́n yọ 5 kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìṣirò, 10 ló fi dín sí ọgọ́ta. Ọgọ́ta náà jẹ́ ìṣirò, ogún lọ́nà mẹ́ta ni. Bákan náà ni àádọ́rin fi 10 dín sí ọgọ́rin, tí àádọ́rùn-ún sì fi 10 dín sí ọgọ́rùn-ún.

Aárùn-ún ni ẹnu ń kọ́kọ́ pè, ṣùgbọ́n kò sí bí ọwọ́ ṣe lè yọ aárùn-ún náà nígbà tí kò tíì mọ iye tí àádọ́ta jẹ́. Kò sì sí bí yóò ṣe mọ àádọ́ta láìjẹ́ pé ó ti mọ ọgọ́ta. Ohun tí ẹnu pè kẹ́yìn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe ìpè nìyẹn gẹ́lẹ́.

Èdè Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ni wọ́n fi kọ ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn orúkọ inú rẹ̀ kò ní àmì ohùn, kó lè rọrùn láti tẹ̀ lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà níwájú. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ara ètò.

1  def ogun(n):
2      return 20 * n
3  def aad(n):
4      x = ogun(n)
5      return x - 10
6  def din(k, x):
7      return x - k
8  esi = din(5, aad(3))
9  print(esi)

Fọ́ńṣọ̀n mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ogun ni láti sọ iye tí ogún lọ́nà n jẹ́. Iṣẹ́ aad ni láti yọ 10 kúrò nínú ohun tí ogun bá mú wá. Iṣẹ́ din ni láti yọ k kúrò nínú x. Ohun tó wà nínú àkámọ́ ni ẹrù tí wọ́n dì fún fọ́ńṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà return túmọ̀ sí pé kí fọ́ńṣọ̀n jíṣẹ́, kó gbé èsì fún ẹni tó pè é, kó sì kógbá sílé.

Ìrìn náà, ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀

Ìgbésẹ̀ 1. Kọ̀ǹpútà kọjá ní ìlà 1, ìlà 3 àti ìlà 6. Kò ṣe iṣẹ́ kankan tó wà nínú wọn. Ó kàn fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn ni, bí ẹni tó gba nọ́ńbà fóònù oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ láìtíì pè é. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ń ṣìnà: wọ́n rò pé ìlà 2 ti ṣiṣẹ́ nítorí pé ojú wọn ti kà á.

Ìgbésẹ̀ 2. Ó dé ìlà 8. Wọ́n ní kó pe din, ṣùgbọ́n ẹrù din kò tíì pé. Ẹrù àkọ́kọ́, 5, wà nílẹ̀. Ẹrù kejì jẹ́ ìpè mìíràn, aad(3). Kọ̀ǹpútà kì í pe fọ́ńṣọ̀n títí ẹrù rẹ̀ yóò fi pé, nítorí náà din á dúró ná, aad ni yóò pè.

Ìgbésẹ̀ 3. Ó wọ aad ní ìlà 3. Lórí bébà aad, n jẹ́ 3. Ó bọ́ sí ìlà 4, ó bá ìpè mìíràn pàdé, ogun(n). Níwọ̀n bí n ti jẹ́ 3, ogun(3) ni ìpè náà. aad dúró sí ìlà 4.

Ìgbésẹ̀ 4. Ó wọ ogun ní ìlà 1. Lórí bébà ogun, n jẹ́ 3. Ní ìlà 2, 20 lọ́nà 3 jẹ́ 60. ogun jíṣẹ́, ó gbé 60 lọ, wọ́n sì ká bébà rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5. Kọ̀ǹpútà padà sí ìlà 4, síbi tí aad ti dúró. 60 bọ́ sínú x. Ní ìlà 5, 60 yọ 10 jẹ́ 50. aad gbé 50 lọ, wọ́n ká bébà tirẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ 6. Ó padà sí ìlà 8. Ẹrù din ti pé wàyí: 5 àti 50. Ó wọ din ní ìlà 6. Lórí bébà din, k jẹ́ 5, x jẹ́ 50. Ní ìlà 7, 50 yọ 5 jẹ́ 45.

Ìgbésẹ̀ 7. 45 padà sí ìlà 8, ó bọ́ sínú esi. Ìlà 9 gbé 45 sójú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà ìlà sílẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe rìn wọ́n yóò rí 1, 3, 6, 8, 3, 4, 1, 2, 4, 5, 8, 6, 7, 8, 9. Ìlà 8 fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣẹ́ ibẹ̀ dá dúró de èsì.

Àtòlérí

Kọ̀ǹpútà ní ibì kan tó ń kó bébà àwọn fọ́ńṣọ̀n tí iṣẹ́ wọn kò tíì parí sí. Ìwé yìí yóò máa pè é ní àtòlérí, nítorí orí ara wọn ni wọ́n ń tò wọ́n sí, bí abọ́ lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Abọ́ tó gbé lé e kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ mú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń mú gbẹ̀yìn. Ní ìgbésẹ̀ 4, tí ìrìn náà jìn jù, bí àtòlérí ṣe rí nìyí, láti òkè wá sísàlẹ̀:

ogun: n = 3, ó wà ní ìlà 2
aad: n = 3, ó dúró ní ìlà 4
ètò gan-an: ó dúró ní ìlà 8

din kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ din síbẹ̀ ti gbàgbé pé ẹrù ni wọ́n ṣì ń dì fún un.

Ọ̀rọ̀ x tún yẹ ní títẹ̀ mọ́. Orúkọ x wà nínú aad, ó sì wà nínú din. Nínú aad, 60 ni. Nínú din, 50 ni. Èkíní kò yí padà di èkejì. Bébà aad ti kúrò nílẹ̀ kí bébà din tó dé. Táíwò ará Bẹẹrẹ àti Táíwò ará Màpó lè máa jẹ́ orúkọ kan náà láìjẹ́ ẹnì kan náà. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ nígbà títọpa ni, “Èló ni x tí wọ́n kọ sórí bébà yìí?”

Fọ́ńṣọ̀n tó ń pe ara rẹ̀

Fọ́ńṣọ̀n lè pe ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ àjọ ló máa jẹ́ kó yéni. Ẹnì kan ń dá 500 náírà fún alájọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ lọ́sẹ̀ kẹta ni 500 ti ọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ti ọ̀sẹ̀ kejì náà ni 500 pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ kìíní.

1  def ajo(ose):
2      if ose == 0:
3          return 0
4      return 500 + ajo(ose - 1)
5  print(ajo(3))

ajo(3) dé ìlà 4, ó nílò ajo(2), ó dúró. ajo(2) nílò ajo(1), òun náà dúró. ajo(1) nílò ajo(0), ó dúró. ajo(0) bá ìlà 2 pàdé, ose jẹ́ 0 lóòótọ́, ó gbé 0 padà láìpe ẹnikẹ́ni. Ìgbà yìí ni àwọn tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè àtòlérí wá sísàlẹ̀: ajo(1) gbé 500, ajo(2) gbé 1000, ajo(3) gbé 1500. Bébà ajo mẹ́rin ló wà lórí ara wọn nígbà tí ìrìn jìn jù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ose tirẹ̀: 3, 2, 1, 0.

Ìlà 2 àti 3 ni ìdákọ̀ró ètò náà. Bí wọ́n bá yọ wọ́n kúrò, ajo(0) á pe ajo(-1), ìyẹn á pe ajo(-2), bébà á sì máa gun ara wọn láìdáwọ́ dúró. Python kì í jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Bí wọn kò bá yí òdiwọ̀n rẹ̀ padà, ní ìwọ̀n bí ìpè 1000 lórí ara wọn ni yóò dá ètò náà dúró, tí yóò sì kọ RecursionError síta.

Bí àtòlérí ṣe wáyé

Kọ̀ǹpútà kò bá fọ́ńṣọ̀n wáyé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà EDSAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cambridge ní 1949, David Wheeler ló wá ọgbọ́n tí iṣẹ́ kékeré kan fi lè mọ ibi tí yóò padà sí lẹ́yìn tó bá parí. Òun, Maurice Wilkes àti Stanley Gill gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1951. Ọgbọ́n Wheeler ní ibi tó mọ: inú iṣẹ́ kékeré náà gan-an ni wọ́n ń kọ ibi àbọ̀ sí, ojú kan ṣoṣo ló sì ní. Bí wọ́n bá tún pe iṣẹ́ náà kó tó parí ti àkọ́kọ́, ibi àbọ̀ tuntun á pa ti àtijọ́ rẹ́. Ọ̀nà àbọ̀ á sọnù, bí ìgbà tí akọ̀wé kan bá fi adirẹ́sì kejì kọlu ti àkọ́kọ́ lára àpò ìwé kan náà. Nítorí èyí, fọ́ńṣọ̀n kò lè pe ara rẹ̀ nígbà náà.

Àtòlérí ló tú ìdè yìí. Ní Jámánì, Friedrich Bauer àti Klaus Samelson béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní 1957, wọ́n sì sọ ọ́ ní Keller, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ní 1960, Edsger Dijkstra, ará Netherlands, kọ àlàyé lórí bí àtòlérí ṣe lè jẹ́ kí fọ́ńṣọ̀n pe ara rẹ̀ láìsọnù. Nínú èdè tó ń lo àtòlérí, ìpè kọ̀ọ̀kan ló ní bébà tirẹ̀ àti ibi àbọ̀ tirẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta tí títọpa ń tú síta

Àkọ́kọ́ ni gbígbàgbé return. Bí ìlà 5 nínú ètò òǹkà bá jẹ́ x - 10 nìkan, aad á ṣírò 50, á sì jù ú nù. Fọ́ńṣọ̀n tí kò gbé èsì padà ń gbé None padà nínú Python, ìyẹn òfo. Òfo yìí ni yóò bọ́ sínú din. Ìlà 7 ni ẹ̀rọ yóò ti pariwo, nítorí kò lè yọ 5 kúrò nínú òfo. Bẹ́ẹ̀, ìlà 5 ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Èkejì ni fífi print rọ́pò return. Ní ọjà àwọn tó ń ta èlò ọkọ̀ ní Gate, nítòsí Agodi, ọ̀gá lè rán ọmọṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì láti béèrè iye owó èlò kan. Bí ọmọ náà bá pariwo iye owó náà lójú ọ̀nà, tó sì padà dé láìsọ nǹkan kan fún ọ̀gá rẹ̀, gbogbo ọjà ti gbọ́, àmọ́ ọ̀gá kò rí nǹkan fi bá oníbàárà dúnàádúrà. Bí print ṣe rí nìyẹn. Ó ń fi èsì han ojú ènìyàn. Kò gbé e fún fọ́ńṣọ̀n tó pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ rí 60 lójú kọ̀ǹpútà, ó rò pé ogun ti jíṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé òfo ló wà nínú x.

Ẹ̀kẹta ni dídi ẹrù tí kò yẹ. Bí nọ́ńbà 3 bá ti ọwọ́ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì wá nípasẹ̀ input, lẹ́tà ni Python kà á sí, kì í ṣe iye. Bí wọ́n bá gbé irú 3 bẹ́ẹ̀ fún aad, ogun yóò gbà á láìjanpata: á kọ 3 nígbà ogún léra wọn, 33333333333333333333, á sì gbé e padà. Ní ìlà 5 ni Python yóò tó kọ̀, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe ń yọ 10 kúrò nínú ọ̀rọ̀. aad àti ogun ló gba ẹrù náà kọjá, ẹni tó dì í ló jẹ̀bi.

Nínú àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí ẹ̀rọ ti pariwo kọ́ ni ibi tí àṣìṣe wà. Bí Python bá kọ ẹjọ́ rẹ̀ síta lábẹ́ àkọlé Traceback, àtòlérí ló ń tẹ̀ jáde. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń sọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, èyí tó wà lókè rẹ̀ ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó kù lókè sì ń sọ ẹni tó pe ta ni. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí wọ́n máa gòkè lọ, kí wọ́n sì máa bi bébà kọ̀ọ̀kan pé ẹrù wo ló gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè é.

Irinṣẹ́ àti ìdánrawò

Bébà àti bírò tó fún ètò kékeré. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n ń fà: nọ́ńbà ìlà tí kọ̀ǹpútà wà, orúkọ fọ́ńṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́, àti iye tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí fọ́ńṣọ̀n bá wọlé, wọ́n á fa àpótí tuntun sókè; nígbà tó bá jíṣẹ́, wọ́n á fagi lé àpótí náà, wọ́n á sì kọ èsì rẹ̀ sínú èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè lo Python Tutor, tí Philip Guo ṣe ní 2010. Ó ń ya àtòlérí sójú kọ̀ǹpútà bí ètò ṣe ń rìn, ó sì ń lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é ṣe dáadáa jù lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọpa, kó lè fi ti ẹ̀rọ yẹ tirẹ̀ wò.

Fún ìdánrawò, kí òǹkàwé fi ètò òǹkà tọpa 175, aárùndínlọ́gọ́sàn-án, tí ìpè rẹ̀ jẹ́ din(5, ogun(9)). Lẹ́yìn náà, kó tọpa 165, aárùndínláàádọ́sàn-án, tí ìpè rẹ̀ jẹ́ din(5, aad(9)). Ìpè méjì ni àkọ́kọ́ ń ná kọ̀ǹpútà, ìkejì ń ná an ní mẹ́ta. Nínú méjèèjì, din tí ẹnu kọ́kọ́ pè ni iṣẹ́ ń kàn gbẹ̀yìn.